Iṣu Inú Iyán Wa, Ọmọ Igbó àti Ọmọ Ọ̀dàn Ni

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè pé oúnjẹ wo ló jẹ́ tiwa-n-tiwa, kò ní pẹ́ kó tó dárúkọ iyán. Àwa náà ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: iṣu tí a fi ń gún iyán ọ̀hún, ọmọ ta ni? Ta ni bàbá rẹ̀, ta sì ni ìyá rẹ̀? Bí ìbéèrè yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti ìdí tó fi kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Olùkọ́ wa kan tó ń kọ́ wa ní bí a ṣe ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ló ní kí a pín ara wa sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ kó orúkọ ohun ọ̀gbìn kan jọ láti ẹnu àwọn tó ń gbìn ín tàbí tó ń tà á. Iṣu bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Méjì nínú wa jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, ẹnì kan sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìyẹn la fi yan Gáréèjì Ìkòròdú. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé oríta gidi ni. Ọkọ̀ tó ti Ketu àti Máìlì 12 bọ̀ ń já èrò síbẹ̀, èyí tó ń lọ sí Ṣàgámù ń pe èrò, èyí tó ń lọ sí Àgbọ̀wà, Ìtóìkín àti Ẹ̀pẹ́ náà ń pe tiẹ̀. Ẹrù tó bá fẹ́ wọ ìlú, ibẹ̀ ni yóò gbà. Iṣu kò gbẹ́yìn nínú wọn.

Ìyá kan jókòó ti iṣu wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n tò ó sí ọ̀nà mẹ́ta. A kúnlẹ̀ kí wọn, a ṣàlàyé iṣẹ́ tó gbé wa wá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ iṣu yìí?"

"Àbújà ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Ṣakí nìyẹn."

"Èyí tó wà lẹ́yìn yín yẹn?"

"Ọ̀nà Benue ni wọ́n ti kó ìyẹn wá."

Orúkọ ìlú àti ilẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A wá ṣàlàyé pé ibi tó ti wá kọ́ la ń bèèrè, orúkọ iṣu fúnra rẹ̀ la ń wá. Ìyá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ gúnyán, mo mọ èyí tí mo máa gbé fún un. Ẹni tó fẹ́ dín dùndún, mo mọ tiẹ̀. Ọkọ̀ ló já a fún mi, ọkọ̀ ò sì sọ orúkọ kankan."

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń dúró de ọkọ̀ Àgbọ̀wà ló bá wa dá sí i. Wọ́n fọwọ́ kan iṣu àkọ́kọ́, wọ́n ní ó jọ àmúlà lójú àwọn. Wọ́n ní òmíràn wà tó ń jẹ́ gàmbàrí. Wọ́n tún ka oríṣìíríṣìí mìíràn, wọ́n sì ń sọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó máa ń tètè ta, èyí tó máa ń pẹ́ nílé kó tó bàjẹ́, èyí tí iyán rẹ̀ máa ń fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí a kò bèèrè. Wọ́n ní iṣu kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, inú igbó ló ń dá hù sí. Ẹ̀gún wà ní ìdí rẹ̀, ó máa ń wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó sì tínrín. Nígbà ìyàn ni bàbá wọn máa ń lọ wà á. A bi wọ́n pé kí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀.

"Iṣu igbó làwa ń pè é. Bàbá mi ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mo ti gbàgbé."

Ọkọ̀ Àgbọ̀wà kún, bàbá wọlé, wọ́n lọ.

"Mo ti gbàgbé" yẹn ni a gbé dé ilé-ìwé. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa iṣu igbó. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Iṣu funfun tí a fi ń gúnyán ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea rotundata. Ó ní ìbátan méjì tímọ́tímọ́ nínú igbẹ́. Èkíní ni Dioscorea praehensilis, ará igbó kìjikìji, tó máa ń gun igi lọ sókè láti wá oòrùn. Èkejì ni Dioscorea abyssinica, ará ọ̀dàn, níbi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ, tí òjò kì í sì pẹ́ kó tó dá. Ọ̀kan mọ ìwà òjò, èkejì mọ ìwà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ní 2019, Nora Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá iṣu 167 wò, ti inú igbẹ́ àti ti oko, wọ́n sì ní láti ara ẹ̀yà inú igbó ni iṣu oko ti wá. Wọ́n ní agbègbè odò Ọya ni ọ̀gbìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Nígbà tó di 2020, àwọn onímọ̀ mìíràn láti Japan àti láti IITA ní Ìbàdàn yẹ oríṣi iṣu funfun 336 wò, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ìbátan wọn nínú igbẹ́. Ohun tí àwọn yìí rí yàtọ̀. Wọ́n ní igbó nìkan kọ́ ló bí i. Ará igbó àti ará ọ̀dàn ló pàdé tí wọ́n fi bí iṣu funfun. Wọ́n tún rí i pé apá ibi tí àbùdá tó ń sọ iṣu di akọ tàbí abo wà, ti ará ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ rántí pé iṣu funfun, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀ ni, òdòdó akọ kì í sábà sí lórí ìtàkùn abo.

Èyí túmọ̀ sí pé oúnjẹ tí a fi ń júwe ara wa, ọmọ ẹ̀yà méjì ni.

Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí orúkọ tí a ó pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹnì kan ní "àmúlùmálà". A kọ̀ ọ́, nítorí nínú kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì po Yorùbá la ń pè bẹ́ẹ̀, èébú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní "àdàlú". Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ó dájú pé ebi ẹ̀wà àti àgbàdo ló ń pa á. Ẹnì kẹta wá rántí ìbaaka. Ẹ ò rí i pé èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́? Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló bí ìbaaka. Ṣùgbọ́n ìbaaka kì í bímọ, ibẹ̀ sì ni iṣu ti yàtọ̀ sí i. Iṣu tó jẹ́ ọmọ igbó àti ọmọ ọ̀dàn ń tanná, ó ń so, ó sì tún lè padà bá àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbẹ́ bímọ. Ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ kò tì mọ́ ọn. "Ọmọ ẹ̀yà méjì" la fẹnu kò sí ní tiwa, títí ẹni tó bá ní èyí tó dára jù yóò fi bá wa mú un wá.

Ẹnì kan wà nínú wa tí ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu rárá, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ó ní ìlú òun gan-an ní òbí méjì: Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn tó tẹ̀lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1851. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ta ló jẹ́ sọ pé Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú gidi nítorí ìyẹn? Ọmọ Ìkòròdú kan dá a lóhùn pé ó dáa, ṣùgbọ́n ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́, tiwa pọ́nńbélé ni. Ó ṣeni láàánú, ewùrà ni àlejò. Ọ̀nà Éṣíà ló ti wá. Iṣu funfun tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà méjì gan-an ni ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí.

Kí ló wá kàn wá nínú pé ó ní òbí méjì? Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń gbìn ín. A kì í gbin èso iṣu, ẹ̀bù la ń gbìn. Ẹ̀bù tí a sì gé lára iṣu kan, iṣu yẹn náà ni. Bí bàbá bá gbin ẹ̀bù àmúlà lónìí, tí ọmọ rẹ̀ sì ń gbin ẹ̀bù tó jáde lára rẹ̀ ní ogún ọdún sí i, kò sí ọmọ tuntun kankan tí a bí láàárín wọn. Ara kan ṣoṣo ni wọ́n ń pín káàkiri ebè. Ire wà nínú èyí: iṣu tó fa lọ́dún tó kọjá yóò fà lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àrùn tó bá mọ ọ̀nà àtipa ọ̀kan ti mọ ọ̀nà àtipa gbogbo wọn.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ilẹ̀ Ireland, oríṣi pòtétò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àwọn tálákà ń gbìn, láti ara ègé sí ègé gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀bù. Àrùn kan wọ oko wọn ní 1845, ó sì padà wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú nínú ìyàn yẹn, ó sì tó iye bẹ́ẹ̀ tó sá kúrò nílùú. Kì í ṣe àrùn nìkan ló pa wọ́n, ìjọba àti àwọn onílẹ̀ ní ẹ̀bi tiwọn. Ṣùgbọ́n àrùn yẹn kì bá má rí ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé oríṣìíríṣìí ló wà nínú oko.

Orílẹ̀-èdè wa ló ń pèsè ju ìdajì gbogbo iṣu tó wà láyé lọ. Bí iṣu bá wọ wàhálà, a ò ní rí ẹni tí a ó sá bá.

Ibo wá ni iṣu ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tuntun? Láti ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbẹ́ ni. Bí iṣu oko bá tanná nítòsí igbó tàbí ọ̀dàn, àwọn kòkòrò kéékèèké lè gbé àtànná láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Èso iṣu ní apá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, atẹ́gùn a gbé e, ó lè hù ní ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láìro. Ohun tó bá hù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà ẹnikẹ́ni, ọmọ tuntun ni, ó sì lè ní ohun tí kò sí lára èyíkéyìí nínú iṣu tó wà lábà. Ẹ̀yà inú igbẹ́ dà bí ilé ìyá tí ọmọ máa ń padà sí bí nǹkan bá le.

Ṣé àgbẹ̀ mọ èyí? Ó mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti dùn mọ́ wa jù lọ nìyí, nítorí àwọn ènìyàn wa ló ni ìtàn náà. Ní 2003, Mignouna àti Dansi gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ Nàgó àti Fọ̀n ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá ni Nàgó ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí a máa wọ igbẹ́ lọ, wọn a wà iṣu tó dá hù, wọn a gbé e wá sí oko, wọn a sì máa gbìn ín, wọn a máa ṣa èyí tó dára nínú rẹ̀, fún bí ọdún 3 sí 6. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣu tó gùn, tó tínrín yóò máa kúrú, tí yóò máa sanra, títí yóò fi di iṣu ilé. Ní 2006, Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbùdá irú iṣu bẹ́ẹ̀ wò ní Benin kan náà. Wọ́n rí i pé nínú èyí tí àgbẹ̀ ń kó wálé, òmíràn jẹ́ ará igbẹ́ pátápátá, òmíràn jẹ́ ọmọ iṣu oko àti iṣu igbẹ́, òmíràn sì jẹ́ ọmọ iṣu oko méjì tó hù láti ara èso. Àgbẹ̀ tó mú ọkọ́ wọ igbẹ́ kò ka ìwé kankan lórí àbùdá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tuntun ló ń gbé wọ inú oko.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ta àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè jí. Bí iṣu tuntun náà bá ti jọ oríṣi kan tó ti wà nílé, àgbẹ̀ lè fi orúkọ èyí tó ti wà pè é. Èyí túmọ̀ sí pé lábẹ́ orúkọ kan, ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà. Orúkọ iṣu dà bí orúkọ agboolé: ẹni tí a bí síbẹ̀ ń jẹ́ ẹ, ẹni tí a gbà wọlé náà ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye oríṣi tó kù kò lè ka orúkọ nìkan kó dákẹ́, kò sì lè ṣe é láìka orúkọ.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a gbọ́ ní gáréèjì. Àbújà. Ṣakí. Ọ̀nà Benue. Ọjà ti sọ orúkọ iṣu di àdírẹ́sì. A ò dá ìyá oníṣu lẹ́bi o. Ìmọ̀ tiwọn péye fún iṣẹ́ wọn: wọ́n mọ èyí tó ń fà àti èyí tí kì í fà, oníbàárà wọn kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí iṣu bá ń rin ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, orúkọ tí àgbẹ̀ pè é a máa já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí kò bá lórúkọ lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, àgbẹ̀ kò ní pẹ́ dá gbígbìn rẹ̀ dúró. Bí oríṣi iṣu ṣe ń kú nìyẹn, kì í pariwo.

Ti inú igbẹ́ tún burú jù, nítorí kò tilẹ̀ ní olówó tí yóò jà fún un. Ẹ gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ wo bí igbó ṣe ń di ẹ́sítéètì. Ilé dára, àwa náà nílò ilé gbé. Ṣùgbọ́n katapílà kì í bèèrè pé ta ni ìbátan ta ni kó tó wú gbòǹgbò.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí IITA wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Láti 1967 ni ilé ìwádìí náà ti wà ní Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Mọ́níyà, wọ́n sì ń tọ́jú oríṣi iṣu tó ju 5,000 lọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀bù kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn lè gbẹ, kó dà sínú agolo, kó sì lọ sùn. Wọ́n ní láti máa gbìn ín lọ́dọọdún, tàbí kí wọ́n máa tọ́jú ọ̀mùnú rẹ̀ nínú ìgò ní yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìgò ni ara iṣu. Pé èyí ni wọ́n ń wà nígbà ìyàn, pé tọ̀hún ní láti di rírẹ àti sísè dáadáa kó má baà pa èèyàn bí ọtí, pé tibí fẹ́ràn ẹ̀bá odò: ẹnu àwọn àgbà ni ìyẹn wà. Kò sí ìgò tó lè gbà á.

Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, ẹ̀yin ará wa. A ti gbọ́ ọ tó pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fẹ́ wá ṣe láyé kọ̀ǹpútà. Àwọn oníṣẹ́ àbùdá lè sọ fún wa pé iṣu kan jẹ́ ọmọ ará igbó àti ará ọ̀dàn. Wọn ò lè mọ igbó tó yẹ kí wọ́n wọ̀ bí kò bá sí ẹni tó lè júwe rẹ̀ fún wọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì lè má gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí tiwa, bóyá Ìjẹ̀bú, bóyá Ìkálẹ̀, bóyá Ṣábẹ̀ẹ́. Èdè ni ọ̀nà tí a fi ń dé ibẹ̀. Bí orúkọ bá ti kú, ọ̀nà ti dí, kódà bí iṣu náà bá ṣì wà láàyè nínú igbó.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sílé nísinmi yìí, ẹ bá wa bi àwọn àgbà ní ìbéèrè mẹ́rin. Oríṣi iṣu wo lẹ mọ̀ lórúkọ? Èwo ni wọ́n ń gbìn tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò rí mọ́? Èwo ló ń dá hù nínú igbẹ́, kí sì lorúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè ibi tí ẹ wà? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ẹ ka ohùn wọn sórí fóònù, nítorí àmì ohùn ṣe pàtàkì. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti oṣù tí ẹ gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá lè ya àwòrán ewé àti iṣu rẹ̀, ẹ yà á. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà ní ìlú òyìnbó, fóònù ò gbówó púpọ̀ mọ́, ẹ pe màmá àgbà nílé.

Orúkọ méjìlélógún la ti kó jọ báyìí láti Ìkòròdú, Àgbọ̀wà àti Ẹ̀pẹ́. Mẹ́ta péré nínú wọn ló jẹ́ ti iṣu igbó, a kò sì tíì rí èyí tí bàbá ará Àgbọ̀wà gbàgbé. Ẹ bá wa wá a.